Drum Sander Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe ní Bàríga

Ẹni tó bá ń fi ìrókò tàbí apá ṣe tábìlì á mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń gba agbára. Gígé rẹ̀ kọ́, kíkàn rẹ̀ kọ́. Ibi tí a ti ń ha á títí tí ojú rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀ ni. Mo ní sándà ọwọ́, ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sáńpépà ha igi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo gegele àti kòtò tó bá wà lójú pákó ló máa ń bá lọ: ó ń mú un dán, kò mú un tẹ́jú. Ẹ kun irú pákó bẹ́ẹ̀ ní fáníìṣì, kí ẹ gbé e síwájú fèrèsé oníbàárà ní Ìkòyí, ìgbì ojú rẹ̀ ni onítọ̀hún á kọ́kọ́ rí.

Ìrókò tún ní ìyọnu tirẹ̀. Iṣan rẹ̀ lọ́ mọ́ra: ibì kan kọjú síwájú, ibì kan kọjú sẹ́yìn, lára pákó kan ṣoṣo. Bí mo bá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la igi kí wọ́n bá mi fi ẹ̀rọ fá a, ọ̀bẹ ẹ̀rọ á fá ibi tó kọjú síwájú dáadáa. Tó bá kan ibi tó kọjú sẹ́yìn, á fà á ya ní pélébé pélébé. Sáńpépà ò mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Ìdí tí mo fi ń fẹ́ drum sander nìyẹn: róólà kan tí a wé sáńpépà mọ́, tó ń yí lókè tábìlì, tí a ó ti pákó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí á sì ha á ní ìwọ̀n kan náà láti etí dé etí. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun wà lóòótọ́, àmọ́ owó rẹ̀ ju ti gbogbo irinṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Mo bá ní n ṣe tèmi.

Mọ́tò iná ni mo kọ́kọ́ wá. Ṣómólú ò jìnnà sí wa, ẹni tó bá sì mọ Ṣómólú mọ̀ pé ilé àwọn atẹ̀wé ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń tú tà ní ẹyọ ẹyọ, irin ara wọn sì le. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ káàdì ìpè fẹ́ fún mi ní mọ́tò kan lówó pọ́ọ́kú. Mo ní kó dúró kí n ka àwo kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára. 380 V ló wà níbẹ̀, àmì 3~ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Three-phase ni, ìyẹn iná onílà mẹ́ta. Iná onílà kan, 230 V, ló wọ ṣọ́ọ̀bù tèmi. Wọ́n máa ń fi kàpásítọ̀ tan irú mọ́tò yẹn kó lè yí lórí ìlà kan, àmọ́ agbára rẹ̀ á dínkù gan-an, agbára sì ni ẹ̀rọ tó ń ha igi ń jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo gbé e padà fún un. Ẹ máa ka àwo yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà.

Èyí tí mo rà jẹ́ 1.5 hp, onílà kan, tó ń yí ní 1,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Iye yíyí yẹn ṣe pàtàkì. Ojú róbótó róólà mi fẹ̀ ní ìnṣì 5. Bó bá ń yí ní 1,400, ojú sáńpépà ń sáré ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì tó. Mọ́tò tó ń yí ní 2,800 wà lọ́jà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá so ó mọ́ róólà bẹ́ẹ̀, eré náà á di ìlọ́po méjì, igi á máa jó, ẹ ó sì máa gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ẹ tó rí dúdú ojú rẹ̀. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi púlè (kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń wé mọ́) ìnṣì 3 sí mọ́tò, kó fi ìnṣì 6 sí ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin àárín róólà, eré á padà sí ìdajì. Tèmi, ìnṣì 3 ni mo fi sí méjèèjì. Kí ẹ sì yẹra fún mọ́tò tó ní ihò gbàgàdà lára. Eruku igi á kún inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n dé pa, tí fáànù rẹ̀ wà lẹ́yìn, ni kí ẹ wá.

Òwódé Onírin ni mo ti ra ṣáàfù. Àwọn kan á sọ fún yín pé rọ́ọ̀dù ìkọ́lé onímílímítà 25 á ṣe é. Kò ní ṣe é láéláé: ó ní ẹ̀gún lára, kò rí róbótó, bẹ́ríńgì tó ń gbé e yí ò ní gbà á. Ọ̀pá irin dídán tí àwọn tánà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ń lò ni kí ẹ béèrè, síbẹ̀ kí ẹ má fojú lásán rà á. Èmi mú gíláàsì nípọn kan dání láti ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe gbé e sórí tábìlì ọlọ́jà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alhaji, ṣé irin lẹ wá rà àbí ẹ fẹ́ wo ojú yín nínú dígí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n wò ó fẹ́ẹ́rẹ́."

Mo yí ọ̀pá àkọ́kọ́ lórí gíláàsì náà. Ó ń ró kọ̀kọ̀kọ̀. Mo ti bébà rísíìtì sábẹ́ rẹ̀ láàárín, ó wọlé fàlàlà: ọ̀pá ti tẹ̀. Ọ̀gá náà bojú wò ó, ó dákẹ́, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ lọ kó àwọn tó wà nínú ilé jáde. Nínú ìyẹn ni a ti rí ọ̀kan tó yí láìdún, tí bébà ò lè gba abẹ́ rẹ̀ níbì kankan. Ó gé e fún mi gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́, kò sì fowó kún un.

Bẹ́ríńgì oníjòkòó tí mo lò, nọ́ńbà rẹ̀ ni UCP205. Ẹ sọ nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn di ìlọ́po márùn-ún, ìyẹn ni fífẹ̀ ihò rẹ̀ ní mílímítà: 05 jẹ́ 25, 04 jẹ́ 20, 06 jẹ́ 30. Ẹni tó bá mọ èyí, ọlọ́jà ò ní lè kó èyí tí kò wọ ṣáàfù lé e lọ́wọ́. Tuntun ni mo rà. Kò sí ohun tí mi ò lè fi àlòkù ṣe lára ẹ̀rọ yìí, férémù, mọ́tò, bẹ́líìtì, tábìlì, àfi ṣáàfù àti bẹ́ríńgì. Bí àwọn méjèèjì yìí bá ń mì, kò sí bí tábìlì ṣe lè gún tó tí pákó ò ní jáde pẹ̀lú ìgbì, a jẹ́ pé sándà ọwọ́ náà ni mo padà sí.

Nínú fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà, MDF, pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe róólà, wọ́n sì nídìí rẹ̀, nítorí kò ní iṣan, kò ní ihò nínú. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní ògiri mẹ́rin. Tèmi jẹ́ páànù lórí òpó, ọ̀sà ò jìnnà, bí òjò oṣù kẹfà bá sì dé, MDF tí a gbàgbé síbi kan á wú bíi búrẹ́dì inú tíì. Pulawúùdù marine (èyí tí omi kì í tètè bà jẹ́) onímílímítà 18 ni mo gé róbótó róbótó, 25 lápapọ̀, tí mo tò mọ́ra lórí ṣáàfù. Ìyẹn jẹ́ 45 sẹ̀ǹtímítà, bí ìnṣì 18. Ihò àárín ni mo kọ́kọ́ lu kí n tó gé wọn róbótó, torí láti ojú ihò yẹn ni a ti ń wọn ohun gbogbo. Mo gé wọn tóbi ju ìnṣì 5 lọ díẹ̀, kí n lè rí nǹkan ha kúrò lẹ́yìn ọ̀la. Gọ́ọ̀mù funfun ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, épọ́sì (gọ́ọ̀mù líle) ló mú wọn mọ́ ṣáàfù, ọ̀pá onísukúrù méjì sì gba inú gbogbo wọn kọjá pẹ̀lú nọ́ọ̀tì lápá méjèèjì. Síbẹ̀ mo ní kí bàbá tánà kan ní Ṣómólú lu ihò gba inú ṣáàfù níbi pulawúùdù àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, kí á fi píìnì irin há wọn. Gọ́ọ̀mù lè tú lọ́jọ́ kan. Píìnì ò ní tú.

Bàbá yẹn wo róólà onígi náà, ó mi orí. "Káfíńtà, jẹ́ n bá ẹ fi irin ṣe é, kó lè bá ẹ kalẹ́."

"Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mọ́tò mi ni mò ń rò, á wúwo jù fún un láti gbéra. Bí èyí bá sì bàjẹ́, mo lè tún un ṣe fúnra mi, mi ò ní dà yín láàmú."

"Ìwọ náà ò fẹ́ kí n jẹun." Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe píìnì náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́.

Férémù ò ní ìtàn púpọ̀. Áńgù áyọ́nù ìnṣì 2 ni. Ẹ ṣáà sọ fún wẹ́dà kó kọ́kọ́ fi iná kàn án díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo igun, kí ẹ fi téèpù wọn ún láti igun dé igun kí ó tó jó o pọ̀, nítorí iná wẹ́dà máa ń fa irin.

Tábìlì abẹ́ róólà jẹ́ pulawúùdù méjì tí a lẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú fọ́máíkà lójú kí pákó lè máa yọ̀ lórí rẹ̀. Apá kan rẹ̀ wà lórí ọ̀pá tó ń yí, apá kejì jókòó sórí bóòtù kan tí mo fi ń gbé e sókè sódò. Mi ò lo íńjìsì ilẹ̀kùn níbẹ̀, ó ń mì. Bóòtù onímílímítà 10 tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń gòkè ní 1.5 mm bó bá yí ká lẹ́ẹ̀kan. Róólà sì wà lókè àárín tábìlì, nítorí náà ìdajì ìyẹn ló ń kàn án. Bí mo bá yí bóòtù ní ìdá mẹ́rin, tábìlì á sún mọ́ róólà ní nǹkan bí 0.19 mm péré. Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ olówó ńlá á rí i pé bóòtù lásán yìí ń wọn nǹkan ju ojú lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń tún ara rẹ̀ ṣe. Róólà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ kì í rí róbótó, kò sì bá tábìlì dọ́gba, kò sí bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè mọ́ tó. Mo lẹ sáńpépà onígíríìtì 60 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe le tó) mọ́ MDF fífẹ̀ kan, ojú rẹ̀ kọ sókè. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sára róólà káàkiri, láti òpin dé òpin. Mo tan mọ́tò, mo sì gbé tábìlì sókè títí tí mo fi gbọ́ ṣíììṣì, kíkan tó kan ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀. Mo wá ń ti pákó onísáńpépà yẹn lọ, mo ń fà á bọ̀, láìdúró lójú kan. Mo pa iná, mo wo ìlà pẹ́ńsù. Ibi tó ga, ìlà ti lọ. Ibi tó rẹlẹ̀, ó ṣì wà gbágbá. Mo gbé tábìlì sókè díẹ̀ sí i, mo tún tan án. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ á kúkú gbé e sókè dáadáa kó yá." Mo ní kó fara balẹ̀, torí bí ó bá kan án ju bó ṣe yẹ lọ, róólà á gbóná, gọ́ọ̀mù á rọ̀. Nígbà tí kò ku ìlà pẹ́ńsù kankan, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé róólà lẹ́yìn tó ti dúró, mo fi ọwọ́ yí i. Mi ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ibi tó parí.

Ṣùgbọ́n róbótó nìkan ò tó. Kí ẹ mọ̀ bóyá ọ̀tún àti òsì ń ha bákan náà, ẹ gé ìrẹ́ pákó méjì láti ara igi kan, ẹ ti ọ̀kan gba etí ọ̀tún, èkejì gba etí òsì, láìfọwọ́ kan bóòtù. Kí ẹ wá fi káálípà, irinṣẹ́ tó ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n wọ́n. Tí ọ̀kan bá fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ, ẹ gé agolo mílíìkì, kí ẹ kì í bọ abẹ́ ìjókòó bẹ́ríńgì apá ibi tó fẹ́lẹ́, kó lè gbé e sókè. Tèmi gba agolo kan lápá òsì, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Sáńpépà aláṣọ lẹ́yìn, tí wọ́n ń tà ní róòlù, ni kí ẹ lò. Ti oníbébà máa ń já. Tèmi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Àyíká róólà ìnṣì 5 jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà orí sáńpépà gbọ́dọ̀ dàbí ọ̀bẹ: ẹ wọn 40 ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun kan títí tó fi kan etí òdìkejì, kí ẹ fa ìlà síbẹ̀, kí ẹ gé e. Ẹ wé e látòsì lọ sọ́tùn-ún, kí etí kan sún mọ́ èkejì láìgùn ún. Ibi tó bá gun ara wọn á fa ìlà jìnnìjìnnì sójú pákó. Téèpù olójú méjì ló mú tèmi mọ́ igi, mo sì fi téèpù líle dì í ní orí méjèèjì. Mítà méjì lé díẹ̀ ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Gíríìtì 80 ni mo máa ń fi sí i jù lọ, 120 bí mo bá fẹ́ parí. Bí oje igi bá dí ojú rẹ̀, mo ń fi ìsàlẹ̀ bàtà àtijọ́ tí a fi ojúlówó rọ́bà ṣe kàn án bó ṣe ń yí, ìdọ̀tí á máa bá rọ́bà jáde. Bàtà fóòmù ò lè ṣe é.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá máa kan irú rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ìsàlẹ̀ róólà gbọ́dọ̀ máa yí bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ti pákó, kí a máa ti igi lòdì sí i. Bí ẹ bá gbé pákó gba ẹ̀yìn wọlé, róólà á gbà á mọ́ yín lọ́wọ́, á sì jù ú bí òkò. Ẹ má dúró gan-an níwájú rẹ̀. Pákó tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ má tì í gba ibẹ̀. Tí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti pákó, ẹ má dúró láàárín, torí ibi tí ẹ bá dúró sí, kòtò ni.

Ohun tí kò sí nínú fídíò òkè òkun, tó sì jẹ́ tiwa gan-an, ni ọ̀rọ̀ iná. Iná á lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, á sì dé láìsọ. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, iná lọ, ọmọ iṣẹ́ rántí pé sáńpépà ti gbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, súìṣì ṣì wà ní títàn. Iná dé. Súìṣì ògiri lásán ò yẹ kó wà lára ẹ̀rọ tó ní róólà. Kọ̀ǹtákítọ̀ tó ní bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé àti pupa ni mo fi sí tèmi: bí iná bá lọ, ó ti pa ara rẹ̀ nìyẹn, bí iná bá dé, kò ní yí àfi tí ènìyàn bá tẹ aláwọ̀ ewé. Owó rẹ̀ dùn mí díẹ̀ nígbà tí mò ń rà á, kò dùn mí mọ́. Ohun mìíràn ni pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour ò lè tan mọ́tò 1.5 hp. Iná tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá fẹ́ gbéra pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ju èyí tó ń lò bó bá ti ń yí lọ. Ní alẹ́ pàápàá, tí iná bá rẹlẹ̀, tí ẹ tan án tó ń kùn hùn-ùn láìyí, ẹ tètè pa á, wáyà inú rẹ̀ ló ń jó yẹn.

Eruku ńkọ́? Ẹ̀rọ yìí ń pọ eruku ju gbogbo ẹ̀rọ yòókù lọ, èyí tó kúnná jù, tí kì í tètè balẹ̀. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn láti ọdún 1995. Ẹni tó bá ti ha igi mansonia rí ò nílò kí wọ́n sọ fún un: imú á máa ṣomi, ọ̀fun á máa yún un. Mo fi pulawúùdù dé orí róólà, mo so páìpù ìnṣì 4 mọ́ ọn, mo sì fi àlòkù ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ bouncing castle níbi àríyá fà á jáde. Ó ń fà á dáadáa, kò fà á tán. Àpò ìrẹsì ni mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń so sí ẹnu rẹ̀. Eruku tó kúnná jù, tó sì léwu jù, gba ojú àpò yẹn kọjá. Aṣọ tó hun pọ̀ dáadáa ni mo rán, ó sì wà ní ìta. A ṣì ń lo ìbomú.

Ní báyìí, àwọn káfíńtà àdúgbò ń gbé pákó wá kí n bá wọn ha á, mo sì ń gba owó lórí ẹsẹ̀ bàtà. Pákó láti ilé tí wọ́n wó, mo máa ń fi òòfà irin yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó sún mọ́ róólà, ẹni tó bá ní kò sí ìṣó nínú tirẹ̀ náà á dúró kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Àǹtí kan tó ní ilé oúnjẹ ní Yábà ni oníbàárà mi tó dúró ṣinṣin jù, pátákó tí wọ́n ń gé ẹran lé lórí ló ń rà, ó sì ti béèrè fún púpọ̀ sí i kí ọdún tó dé. Títi pákó lọ́wọ́ ló wá kù tó ń rẹ wá. Mọ́tò wáípà ọkọ̀ ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì lágbára, 12 V ni ti ọkọ̀ kékeré ń lò, mo ti rí àwọn tó fi ń fa pákó gba abẹ́ róólà. Mo ti bá ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, pé kó bá mi wá ti ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tó tóbi. Ó ní kí n wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì.